Kí fídíò ilé ṣáájú ìpìlẹ̀

Fídíò àrìnwọlé máa ń mú èèyàn rìn nínú ilé tí wọn kò tíì kọ́. Ayàwòrán ilé a fi kọ̀ǹpútà gbé ògiri, fèrèsé àti òrùlé dúró bí pùláànù ṣe là wọ́n sílẹ̀, a sì fa ojú ọ̀nà tí kámẹ́rà yóò tọ̀: láti géètì dé pálọ̀, láti pálọ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí yàrá, títí dé òkè àtẹ̀gùn. Ní Adó-Èkìtì, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé tó ń dìde ti jẹ́ ti ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, orí WhatsApp ni irú fídíò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà dé ọwọ́ onílé. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé kò wúlò. Àsìkò rẹ̀ ló wọ́. Ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, nígbà tí pùláànù ti gba òǹtẹ̀ tàbí tí wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí ó lè dán lójú onílé, kí ó sì fa oníbàárà mìíràn wá. Èyí tí wọ́n bá ṣe nígbà tí ògiri ṣì ṣeé sún ló níye lórí jù, kódà bí kò bá dán rárá.

Láyé àtijọ́, onílé kò nílò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àgbàlá ni wọ́n kọ́ ọ yí ká. Ilé mẹ̀kúnnù náà ní àgbàlá tirẹ̀, ó kàn kéré ni. Nígbà tí ilé olọ́dẹ̀dẹ̀ gígùn dé, tí yàrá dojú kọ yàrá, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé kàn ń nawọ́ sí ilé aládùúgbò ni, bíríkìlà á sì gbọ́ ọ yé. Lóde òní, pùláànù kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ́n tirẹ̀, ìlà orí pépà kò sì yé ẹni tí kò kọ́ ọ. Onílé a mi orí sí i, a fọwọ́ sí i, a wá dé sáìtì nígbà tí ògiri ti ga dé ibi líńtẹ̀lì.

Ẹ̀rí pé ìrìn inú kọ̀ǹpútà lè gba ilé là ti wà láti àwọn ọdún 1980. Ní Yunifásítì North Carolina tó wà ní Chapel Hill, ní Amẹ́ríkà, Frederick Brooks àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbé Sitterson Hall wọ inú kọ̀ǹpútà nígbà tó ṣì wà lórí pépà. Ilé yìí ni ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wọn fẹ́ kó lọ. Àwọn tí yóò lo ilé náà rìn nínú rẹ̀, wọ́n rí i pé ògiri kan fún àyè àbáwọlé pọ̀ jù, wọ́n fi han àwọn ayàwòrán ilé, àwọn yẹn sì sún un kúrò. Ilé náà ṣí ní 1987. Kò sí ewé nínú àwòrán wọn, kò sí táìlì tó ń kọ mànà, ṣùgbọ́n ibi tó fún hàn kedere.

Àpẹẹrẹ kan láti inú yàrá lásán yóò jẹ́ kó yéni sí i. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn àti 10 ní ìbú dùn-ún gbọ́ létí. Gbé bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 6 síbẹ̀, kí orí rẹ̀ kan ògiri: ẹsẹ̀ bàtà 4 ló kù níwájú rẹ̀. Wọ́dúróòbù tó dojú kọ ọ́ gba 2. Méjì tó ṣẹ́ kù ni tọkọtaya yóò máa fẹ̀gbẹ́ gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù yóò máa ṣí sí, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri yóò sì tún bù nínú rẹ̀. Fídíò tó bá fi bẹ́ẹ̀dì kékeré díbọ́n síbẹ̀, tàbí tó la ojú kámẹ́rà ju bí ojú èèyàn ṣe ń ríran lọ, yóò sọ yàrá yìí di gbọ̀ngàn. Irọ́ ni, bó ti wù kó rẹwà tó. Kámẹ́rà òtítọ́ máa ń rìn ní ibi tí ojú èèyàn ga dé, bíi ẹsẹ̀ bàtà 5 àti díẹ̀, kì í fò bí ẹyẹ.

Ilẹ̀ gan-an ni irọ́ ti pọ̀ jù. Orí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni Adó àti àwọn ìlú tó yí i ká wà, àpáta sì wà káàkiri. Síbẹ̀ orí koríko tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ilé inú fídíò máa ń jókòó sí. Ìwé sọ̀fè lásán kì í sábà sọ bí ilẹ̀ ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ sí, ààlà ló ń fi hàn. Ó yẹ kí wọ́n wọn gíga ilẹ̀ náà lọ́tọ̀. Bí ilẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà 6 rẹlẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé sí iwájú, ipele búlọ́ọ̀kù 7 tàbí 8 ni iwájú yóò gbé kí ilẹ̀ ilé tó tẹ́jú, yàtọ̀ sí yẹ̀pẹ̀ tí wọn yóò fi kún inú rẹ̀. Owó ńlá nìyẹn, àtẹ̀gùn gígùn sì ni fún ìyá àgbà tó fẹ́ wọlé. Kí fídíò fi hàn án.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oòrùn. Ètò kọ̀ǹpútà bíi SketchUp, Lumion àti Twinmotion ń jẹ́ kí ayàwòrán yan ìlú, oṣù àti wákàtí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Èrèlé ló yẹ kó yàn fún yàrá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Inú àpótí ètò wọ̀nyí náà ni igi òyìnbó ti ń wá sí iwájú ilé, tí táǹkì omi, ilé jẹnẹrétọ̀ àti sọkawéè kì í sì í sí níbì kankan. Ilé ìdáná tiẹ̀ tún burú jù: kò sí àyè fún odó, ní Èkìtì tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ! Níbo ni wọn yóò ti máa gún un, lórí táìlì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?

Ìdí mìíràn wà tí fídíò tí kò dán fi yẹ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fídíò oníṣẹ́jú méjì, tí àwòrán 30 ń kọjá nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, jẹ́ àwòrán 3,600. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, wákàtí 10 nìyẹn, iná kì í sì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí wọ́n tọ́jú àwòrán náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí iná tó bá lọ má baà kó gbogbo iṣẹ́ òru dànù. Ilé tí ògiri rẹ̀ funfun lásán, tí kò ní gíláàsì tàbí ewé, kò nílò irú wàhálà yìí. Ó lè jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì tún fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn ayàwòrán kan yóò ní oníbàárà kò ní sanwó fún ilé funfun gbáú, àti pé ẹni tó bá tètè rí ilé rẹ̀ kò ní yéé yí i padà. Ẹ̀hónú kejì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí iye àtúnṣe tó wà nínú owó iṣẹ́, kí èyí tó bá lé e ní owó tirẹ̀. Ìyẹn ṣì dínwó ju kí bíríkìlà wó ògiri. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àlàyé: onílé tó bá rí àyè ẹsẹ̀ bàtà 2 yẹn fúnra rẹ̀ kò ní bèèrè ewé. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà, bíi Pọlitẹ́kíníìkì Àpapọ̀ ní Adó-Èkìtì, ìwọ̀n tó pé àti ilẹ̀ tó jóòótọ́ ló yẹ kí fídíò akẹ́kọ̀ọ́ fi gba máàkì, kì í ṣe bó ṣe ń tàn.

Fídíò kì í sì í ṣe ìwé iṣẹ́. Kò lè fi irin inú dẹ́kìn hàn, kò sì lè rọ́pò àwòrán tí ayàwòrán ilé tí ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, mọ̀ fọwọ́ sí. Bí bíríkìlà bá ń wo fóònù kọ́lé, tí wọ́n sì ti yí pùláànù padà lẹ́yìn fídíò, ilé méjì ni wọ́n ń kọ́ pọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ọjọ́ tí wọ́n ṣe fídíò àti nọ́ńbà pùláànù tó bá a mu wà ní igun ojú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tó ń dán ní àyè tirẹ̀: nígbà tí òrùlé bá ti wà lórí ilé, tó ku kí onílé yan táìlì, ọ̀dà àti iná.