Ayàwòrán Tí Kò Fi Ìjàpá Òkun Sílẹ̀

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan ṣí ìwé àwòrán kan ní ọ̀dọ̀ wa, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá Àlùfáà, ọkùnrin yìí kò ha mọ ohun mìíràn í yà ju ìjàpá òkun lọ?” Alick Tipoti ni ó ń wí, ọmọ erékùṣù Badu, nínú òkun Torres tí ó wà láàárín ilẹ̀ Ọsirélíà àti Papua New Guinea.

Ní Badu, ìjàpá kì í ṣe ẹranko inú àlọ́. Oúnjẹ ni, ó sì ń sọ fún ènìyàn ìgbà tí ọdún dé. Ní èdè wọn, Kala Lagaw Ya, waru ni orúkọ rẹ̀, sowlal sì ni ìgbà tí akọ àti abo rẹ̀ ń gun ara wọn. Àwọn baba ńlá wọn a máa fi igbá ẹ̀yìn ìjàpá òkun ṣe ìbòjú tí wọ́n ń dè mọ́ ojú jó.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kan irú àwa tí a ń wọ aṣọ àlùfáà. Ní ọdún 1871 ni àwọn oníwàásù ti Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere Lọ́ńdọ̀nù gúnlẹ̀ sí erékùṣù Erub. Títí di òní ni àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe àjọ̀dún ọjọ́ náà, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, àwa náà sì bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ṣeé bò: lẹ́yìn náà ni a dáná sun púpọ̀ nínú ìbòjú wọnnì, ní orúkọ Ẹni tí kò rán ẹnikẹ́ni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé Haddon ti Cambridge dé erékùṣù Mer ní ọdún 1898, páálí ni àwọn àgbà fi ṣe àfijọ ìbòjú Malo kí ó lè rí bí ijó náà ti rí. Páálí!

Ọmọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Tipoti. Ó ń fi ọ̀bẹ fín àwòrán sí ara línò, irú èyí tí a ń tẹ́ sí ilẹ̀ ilé, ó ń kùn ún ní tàdáwà, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sí ìwé. Èdè Badu ni ó fi sọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní orúkọ. Ní ọdún 2016, nígbà tí a ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà àwọn ará òkun ní Monaco, orí òrùlé pẹrẹsẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkun tí ó wà níbẹ̀ ni a tẹ́ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ sí. Sowlal ni ó pè é. Ó di dandan fún àwọn àlejò, títí kan Ọba ìlú náà, láti pe ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò pọ̀ mọ́ ní ayé.

Nítorí náà, a kò gbà pé ọpọlọ ẹni tí ń ya ohun kan léraléra kúrú. Kí ó tó lè ya waru dáradára, ó ní láti mọ oṣù tí ó ń gòkè wá yé ẹyin, kí ó sì mọ orin tí àwọn àgbà ń kọ sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa, tí yóò di olùkọ́ lọ́la, ni a ní kí wọ́n ya èso kan. Ápù ni púpọ̀ nínú wọn yà, bẹ́ẹ̀ ni àgbálùmọ̀ wà lórí àtẹ ní ẹnu ọ̀nà. A bi wọ́n ní orúkọ igi mẹ́wàá tí ó wà ní àgbàlá kọ́lẹ́jì. Ẹni tí ó mọ̀ jù nínú wọn dárúkọ mẹ́rin.