Owó Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́: Ẹ̀tọ́ Tí Àwọn Mùsùlùmí Ń Fi Sílẹ̀

 

Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, Mowe àti Ibafo kì í ṣe abúlé mọ́. Ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń gbin ìrẹsì àti ẹ̀gẹ́ sí nígbà kan rí ti di ilé, ilé-ìtajà àti ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá, ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì àti ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà ni ó kún ẹ̀gbẹ́ títì. Ifo, ní ọwọ́ ọ̀nà Abẹ́òkúta, ti jẹ́ oríta ojú irin láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ni Kajola wà, níbi tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa to ọkọ̀ ẹrù ojú irin lélẹ̀ ní ọdún 2019; ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí láti Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 2021 sì gba ibẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ ń bọ̀ wá bá àwọn ará ìlú wọ̀nyí ní ẹnu ọ̀nà wọn. Ìbéèrè tí ó kù ni ta ni yóò mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ ni yóò máa ru sìmẹ́ńtì fún ẹni tí ó kọ́ ọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú àwọn Ansari wá tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní Mẹ́dínà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àkójọ hadíìsì Abu Dawud. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò lé e, kò sì fún un ní owó kó máa lọ. Ó béèrè ohun tí ó ní nílé. Aṣọ kan àti ife kan ṣoṣo ni. Ó gbà wọ́n, ó lu wọ́n ní gbàǹjo ní dírhámù méjì, ó ní kí ó fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó sì fi èkejì ra orí àáké wá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki èèkù bọ̀ ọ́, ó rán an lọ ṣẹ́gi, ó sì sọ fún un pé òun kò gbọdọ̀ rí i fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé, dírhámù mẹ́wàá ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ń ka ìtàn yìí sábà máa ń dúró lórí pé agbe kò dára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún wo bí ètò náà ti lọ: a ṣe ìwádìí ohun tí ọkùnrin náà ní, a yan iṣẹ́ kan fún un, a ra irin-iṣẹ́, a dá àkókò, ó sì padà wá jábọ̀. Àwọn àjọ tí ń fún ènìyàn ní owó ìrànwọ́ lónìí kò béèrè ohun tí ó ju èyí lọ.

Bí a bá sọ̀rọ̀ dé ibí, àwọn ọ̀dọ́ a dáhùn pé kò sí owó tí àwọn yóò fi kọ́ iṣẹ́. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Owó kan wà tí òfin ti yà sọ́tọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti ọdún 1971. Àjọ tí ń bójú tó o ni Industrial Training Fund, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ITF, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Jos. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ni ó fi Àṣẹ nọ́ńbà 47 ti ọdún náà dá a sílẹ̀, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí orílẹ̀-èdè yìí sì ń wá àwọn ọmọ bíbí rẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́.

Bí ètò náà ti rí nìyí. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó márùn-ún ṣùgbọ́n tí owó tí ń wọlé sí òwò rẹ̀ lọ́dún tó 50 mílíọ̀nù náírà, ni òfin pàṣẹ fún pé kí ó máa san ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó-oṣù tí ó san láàárín ọdún. Kí àtúnṣe tó dé bá òfin náà ní ọdún 2011, ẹni tí ó ní òṣìṣẹ́ 25 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ kéékèèké fi ń rò títí di òní pé ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni. Owó ọdún tí ó kọjá gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún tuntun tó kọjá, ìtanràn sì wà fún ẹni tí ó bá jáfara. Èyí ni apá tí àwọn ènìyàn gbọ́. Apá kejì ni wọn kì í gbọ́: ẹni tí ó bá san owó rẹ̀, tí ó sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ lọ́nà tí àjọ náà fọwọ́ sí, lè gba tó ìdá 50 nínú 100 ohun tí ó san padà.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí kan ní Mowe bá ní òṣìṣẹ́ ogún, tí ó ń san 80,000 náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù, àpapọ̀ owó-oṣù rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 19,200,000 náírà. Ìdá 1 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 192,000 náírà. Èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ náà lè gbà padà lè tó 96,000 náírà. Owó náà kò pọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tan ara rẹ̀ pé òun ni yóò sọ òun di ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè ran olùkọ́ kan tàbí méjì lọ́wọ́ láti lọ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ lọ́dọọdún, olùkọ́ tí ó sì gbọ́n sí i ni ànfààní rẹ̀ ń tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. (Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ orúkọ Islam síwájú ara wọn ju ẹlòmíràn lọ, nítorí àwọn ni wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní òtítọ́.)

Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láyé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin tí ó fara jọ ọ́ ní ọdún 1964. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààbọ̀ ìdá kan nínú 100 owó iṣẹ́ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ tí owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún ju mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn lọ, kí wọ́n lè máa ná an lórí àwọn ọmọ-iṣẹ́.

Kí ni ó wá fà á tí àwọn Mùsùlùmí fi ń fi ẹ̀tọ́ yìí sílẹ̀? Àwọn kan ń sọ pé owó ìjọba ni, pé owó ìjọba sì ti dà pọ̀ mọ́ hàráàmù. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́tí, ó sì jọ ti ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n kò bá ibi tí owó náà ti wá mu. Owó tí agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ san ni wọ́n ń dá padà fún un. Kì í ṣe èlé, kì í ṣe tẹ́tẹ́, kì í sì ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Irú ìbẹ̀rù báyìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá pa ọmọ mọ́ kúrò ní ilé-ìwé láyé àtijọ́. Ìbẹ̀rù tiwọn tilẹ̀ ní ìdí, nítorí àwọn ọmọ ń wọ ilé-ìwé ìjọ onígbàgbọ́ pẹ̀lú orúkọ kan, wọ́n sì ń fi òmíràn jáde. Àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923 kò jókòó ti ìbẹ̀rù náà. Wọ́n kọ́ ilé-ìwé tiwọn.

Ìdí kejì ni ó wúwo jù. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ ni kò ní àkọsílẹ̀ kankan. Inú àpò ni wọ́n ti ń yọ owó-oṣù, wọn kì í sì í kọ ọjọ́ tí ọmọ-iṣẹ́ dé àti ohun tí ó ti kọ́. Lọ́jọ́ tí àjọ kan bá béèrè ìwé, wọn a ní àwọn kò ní ẹni ńlá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni áyà tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin lẹ́yìn igba nínú Súrà Baqarah, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Ẹni tí ń ké áyà náà lálaalẹ́, tí kò sì ní ìwé owó kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò tíì gbọ́ ohun tí ó ń ké.

Àwọn mìíràn mọ òfin náà dáadáa, wọ́n sì ń sá fún un: òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n ní, mẹ́rin ni wọ́n ń kà fún ìjọba. Àwọn kan sì wà ní òdìkejì, tí wọ́n ń fẹ́ gba owó ẹ̀kọ́ tí kò wáyé. Wọn a ṣe rìsíìtì èké, wọn a kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà sínú ìwé pé wọ́n wà ní ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Jíjẹ owó ènìyàn lọ́nà èrú ni, ìyẹn sì ni hàráàmù gan-an tí wọ́n ní àwọn ń sá fún.

Ó tún yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín owó ìrànwọ́ àti ẹ̀yáwó, nítorí ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń kéde méjèèjì. Nínú ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, tí ó wáyé ní ọdún 2024, 50,000 náírà wà tí wọ́n fún àwọn tí òwò wọn kéré jù, tí kò sì sí dídá padà níbẹ̀. Lábẹ́ ètò kan náà ni ẹ̀yáwó wà fún àwọn tí òwò wọn tóbi díẹ̀, pẹ̀lú èlé ìdá 9 nínú 100 lọ́dún. Èlé kékeré ni àwọn aláṣẹ pè é; ṣùgbọ́n sharia kò mọ èlé kékeré. Owó tí ìjọba ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024 kò ní èlé ní tirẹ̀. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ sí i, bí kò bá sì yé e, kí ó béèrè.

Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tí ó ní ọ̀gá kan àti ọmọ-iṣẹ́ méjì ní Ibafo kò sí nínú òfin ITF, kò sì ní ohun tí yóò gbà padà. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tálákà wà. Àjọ NDE tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1986 ní ètò láti máa fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè gba gbogbo wọn. Sàká wà fún èyí. Tálákà àti aláìní ni ó ṣáájú nínú àwọn mẹ́jọ tí Súrà Tawbah dárúkọ, àwọn onímọ̀ nínú mazhab Shafi'i sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a lè fi sàká ra irin-iṣẹ́ fún tálákà tí ó mọ iṣẹ́. Àpò ìrẹsì tí àwọn mọ́sálásí ń pín lóṣù Ramadan dára, ṣùgbọ́n kì í dé oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ ìjórin kan lọ́wọ́ ọmọ tí ó ti parí iṣẹ́ yóò wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Kí wọ́n má ṣe fara wé àwọn olóṣèlú tí ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ fún ẹni tí kò mọ bí a ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọjà ni ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń padà sí.

Iṣẹ́ tí ó kù kò le. Ní mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan ní Mowe, Ibafo àti Ifo, kò ní ṣàìsí ọ̀dọ́ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣírò owó tàbí ìṣàkóso ilé-iṣẹ́, tí ó wà nílé tí kò ríṣẹ́. Kí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ yan méjì nínú wọn, kí wọ́n máa jókòó lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ láti ran àwọn agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́: kí wọ́n bá ẹni tí kò tíì forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC ṣe é, kí wọ́n bá a ṣí ìwé owó-oṣù, kí wọ́n sì kọ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún náà sílẹ̀ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tí àjọ ITF kò gbọ́ nípa rẹ̀ ṣáájú ṣòro láti gba owó lé lórí. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, kí wọ́n tọ́jú rìsíìtì, orúkọ àwọn tí ó wá àti ìwé-ẹ̀rí wọn. Kí agbanisíṣẹ́ sì san owó ọ̀yà wọn fún wọn kí òógùn wọn tó gbẹ. Ẹ̀ka ITF kan wà ní Abẹ́òkúta.