Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo ìbòmú

"Àrùn olówó ni." Ohun tí à ń gbọ́ nínú dáńfó nìyẹn nígbà tí wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn kòrónà ní Nàìjíríà, ní oṣù Kejì ọdún 2020. A ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Irọ́ tí àwọn aṣèlú ti ń pa fún wa tipẹ́ ló bí àìgbàgbọ́ yìí. Ṣùgbọ́n kòrónà kì í ṣe òṣèlú. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè gbé e kiri láìmọ̀, tí itọ́ ẹnu rẹ̀ yóò sì máa ta sí ẹlòmíràn lára bó ti ń sọ̀rọ̀. Itọ́ yìí ni ìbòmú ń dín kù. Èyí tí télọ̀ fi àǹkárá rán náà wúlò, bó bá ti bo imú àti ẹnu, tí kì í ṣe àgbọ̀n ìsàlẹ̀ nìkan. Ẹ rántí ìyá àgbà tí wọ́n wà nílé. Ẹ lò ó nítorí tiwọn.