Bí Ẹsẹ̀ Bá Kọ̀, Ayé Ṣì Ń Lọ

Bí ọmọ tó ń sáré, tó ń fò, tó ń gbá bọ́ọ̀lù bá ṣubú lórí pápá, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ, ìbéèrè kan ló sábà máa ń gba ẹnu gbogbo ará ilé: “Ìgbà wo ló máa rìn?” Wọ́n á bi dókítà. Bí ìdáhùn dókítà ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbé ọmọ náà kiri, láti ọ̀dọ̀ olóògùn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbàdúrà. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà lókèèrè á máa pè lórí fóònù: “Ẹ kú ìrọ́jú o, Ìyá Ṣadé. Ṣé ó ti ń gbé ẹsẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó máa dá òbí lẹ́bi pé ó béèrè bẹ́ẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dìde? Àmọ́ ìbéèrè náà léwu bó bá jẹ́ òun nìkan là ń béèrè. Ọdún kan á kọjá, ìkejì á tẹ̀ lé e, ilé ìwé á ti gbàgbé orúkọ ọmọ náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò ní wá mọ́, kò sì ní sẹ́ni tó máa bi í ní ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe. Láìsọ ọ́ jáde, gbogbo ilé ti pinnu pé ó dìgbà tó bá rìn. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí ni pé kò yẹ kó dìgbà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Eric LeGrand. Láti ọdún 2010 tó ti ṣèṣe, kò tíì dá rìn. Síbẹ̀, ohun tó ti ṣe látìgbà yẹn pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn ti ṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i

Ọmọ 20 ọdún ni LeGrand, ó ń kàwé ní Yunifásítì Rutgers ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí tí àwa mọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá lọ, àwọn alátakò á sì fi ara kọlu ẹni tó gbé e kí wọ́n lè gbé e ṣánlẹ̀. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹwàá, ọdún 2010, wọ́n ń bá ẹgbẹ́ Army, ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun, figagbága. Ìdíje náà ti ń lọ sópin nígbà tí LeGrand sáré lọ pàdé ẹni tó gba bọ́ọ̀lù. Ó kọlu onítọ̀hún, àmọ́ orí rẹ̀ ló kan èjìká ẹni náà. Ó ṣubú, kò sì lè mira mọ́.

Eegun méje ló wà ní ọrùn èèyàn. Ìkẹta àti ìkẹrin lára tiẹ̀ ló fọ́. Inú àwọn eegun yìí ni okùn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí apá, ẹsẹ̀ àti gbogbo ara máa ń gbà kọjá. Bí okùn náà bá ṣèṣe lápá òkè ọrùn, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ló máa ń kọ iṣẹ́, torí pé ibẹ̀ náà ni iṣan tó ń jẹ́ ká lè mí ti ń jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so LeGrand mọ́ ẹ̀rọ tó ń báni mí, tí ẹ̀rù sì ń ba àwọn dókítà pé ó lè má kúrò lára rẹ̀ láéláé. Àmọ́ kò tó oṣù méjì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá mí.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbí tí a ò gbọ́dọ̀ fò kọjá. Nígbà tó ṣubú, àwọn elétò ìlera tó wà lórí pápá ò fà á dìde. Wọ́n di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kó má bàa mì, wọ́n sì fi pákó gbé e kúrò. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Èèyàn mẹ́rin á sáré wọ pápá, ọ̀kan á di apá mú, èkejì á di ẹsẹ̀ mú, wọ́n á sì jù ú sẹ́yìn ọ̀kadà. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, àmọ́ eegun tó ti sán lè wá gé okùn tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó ṣubú bá ní ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, tàbí tí kò mọ̀ ọ́n lára bí ẹ ṣe fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, àyàfi bí ewu bá wà níbẹ̀ tàbí bí kò bá mí. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú kó dúró sójú kan, kí ẹlòmíì pe àwọn elétò ìlera. Bó bá di dandan pé kí ẹ gbé e, orí pákó tó tẹ́jú tàbí ilẹ̀kùn ni kí ẹ gbé e sí, kí gbogbo yín sì jọ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà lórí ìlà kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ọmọ tó bẹ́ sódò tí orí rẹ̀ sì kan ilẹ̀.

Kò dúró de ẹsẹ̀

Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, nígbà tí oṣù mẹ́ta péré ti kọjá lórí ìjàǹbá náà, LeGrand ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Kò lè gbé ìka, àmọ́ wọ́n fi Skype so ó pọ̀ mọ́ kíláàsì. Lọ́dún yẹn kan náà, ó bá wọn ṣàlàyé ìdíje Rutgers lórí rédíò. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, ọdún 2011, nínú yìnyín tó bo pápá, òun ló ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ pápá nínú kẹ̀kẹ́ arọ.

Ní 2012, Greg Schiano tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ní Rutgers ti lọ sí ẹgbẹ́ Tampa Bay Buccaneers, ó sì ní kí LeGrand tọwọ́ bọ̀wé gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé kò lè gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n fi ń bọlá fún un ni. Ní 2013, Rutgers fẹ̀yìn nọ́ńbà 52 tó ń wọ̀ tì, kí ẹlòmíì má bàa wọ̀ ọ́ mọ́. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún nínú ìtàn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wọn. Ọdún yẹn náà ló dá Team LeGrand sílẹ̀ láti máa kówó jọ fún ìwádìí nípa irú ìjàǹbá yìí. Ó gboyè jáde ní yunifásítì ní 2014, nígbà tó sì yá, ó ṣí ilé ìtajà kọfí sí Woodbridge, lágbègbè tó ti dàgbà.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. LeGrand ò tíì sọ̀rètí nù pé òun á rìn. Ó ń ṣe eré ìmárale tí wọ́n fi ń kọ́ ara níṣẹ́, ó sì máa ń sọ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun á dìde. Àmọ́ ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ó fi ọwọ́ kan di ìrètí mú, ó fi ọwọ́ kejì di iṣẹ́ mú. Ká ló ti jókòó de ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, kò ní kàwé jáde, kò ní lẹ́nu lórí rédíò, kò sì ní dẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́.

“Amẹ́ríkà nìyẹn”

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, “Amẹ́ríkà nìyẹn. Wọ́n lówó, wọ́n níná, wọ́n sì lẹ́rọ.” Òótọ́ ni. Owó ńlá ni ìtọ́jú irú ìjàǹbá yìí ń gbà, ìyá LeGrand, Karen, sì tún wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán tòru. Àmọ́ ẹ wo ohun tó mú un bọ́ sípò. Olùkọ́ gbà kó wà ní kíláàsì. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kó sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó ṣáájú àwọn. Èyí tó ju owó lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn gbà pé ó ṣì wúlò.

Kì í ṣòní, kì í ṣàná ni wọ́n ti mọ èyí. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó jà, ẹni tí okùn ẹ̀yìn rẹ̀ bá já kì í sábà pẹ́ láyé. Egbò ìdùbúlẹ̀ àti àrùn ibi ìtọ̀ ló ń pa wọ́n. Ní 1944, dókítà kan tó ń jẹ́ Ludwig Guttmann bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú wọn ní Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí wọ́n máa yí wọn pa dà ní wákàtí méjì-méjì, lóru pàápàá. Àmọ́ kò fi mọ síbẹ̀. Ó fún wọn níṣẹ́ ọwọ́, ó sì mú kí wọ́n máa ṣeré ìdárayá. Ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1948, ó kó 16 lára wọn jọ láti fi ọfà díje, ìyẹn ló sì wá di ìdíje Paralympics. Nínú ìdíje yẹn, Nàìjíríà gba góòlù mẹ́jọ ní Rio lọ́dún 2016. Folashade Oluwafemiayo tó ń gbé irin gba góòlù ní Tokyo, ó sì tún gba òmíràn ní Paris lọ́dún 2024.

Ohun tó wà níkàáwọ́ ilé

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ tọ́jú ara rẹ̀. Ẹ máa yí i pa dà déédéé bí dókítà ṣe sọ, kí ẹ sì máa yẹ ìdí, gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Bí ibì kan bá ti ń pọ́n tàbí tó ń dúdú, ẹ má ṣe jẹ́ kó di egbò. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá ń rùn tàbí tí ibà ń ṣe é, ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìgbóbì l’Ékòó, ní Dala ní Kánò, àti ní Enugu. Ìgbóbì gan-an bẹ̀rẹ̀ látorí ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa nínú Ogun Àgbáyé Kejì.

Ìkejì, ẹ pín iṣẹ́ ìtọ́jú náà. Ìyá nìkan kọ́ ló bímọ. Bí ẹ̀gbọ́n bá mú òru ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, tí bàbá mú méjì, ìyá á lè sùn.

Ìkẹta, ẹ tètè wá ọ̀nà tó máa gbà padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa ń ṣe ju ohun tí LeGrand ní ní 2011 lọ. Bí ilé ìwé bá sọ pé kò sí àyè, ẹ rántí pé òfin àpapọ̀ kan ti wà láti oṣù Kìíní ọdún 2019 tó ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí àìlera ara léèwọ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó tún fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé. Ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè, àmọ́ ẹ béèrè.

Ìkẹrin, ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ògo rẹ̀ tí kò wá ní í mọ́, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Bó bá ń bínú, kì í ṣe aláìmoore.

Paríparì rẹ̀, ẹ máa bá òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ wo bí àlejò ṣe máa ń jókòó ti ọmọ tó wà nínú kẹ̀kẹ́, tó sì máa kọjú sí ìyá rẹ̀ pé, “Ṣé ó ti jẹun?” Ẹsẹ̀ ló rọ, etí ò di. Bí ẹ bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ yà kí i lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má béèrè bóyá ó ti ń gbé ẹsẹ̀. Ẹ fa àga mọ́ ọn, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ bi í pé, “Kí lo fẹ́ ká jọ ṣe?” Lẹ́yìn náà, ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.