Ọ̀bẹ Ní Àkókò Tirẹ̀

Olùfẹ́ nínú Olúwa, ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba mọ igi òdòdó Forsythia. Ní oṣù kẹta sí ìkẹrin ni òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè ń yọ, kí ewé tó dé. Inú oòrùn ni ó fẹ́. Bí òdòdó bá rẹ̀ tán, ẹ gé ẹ̀ka tó gbó jù nísàlẹ̀. Ẹ má gé e nígbà òtútù: ó jọ igi gbígbẹ, ṣùgbọ́n òdòdó ọdún tuntun ti wà lára ẹ̀ka ọdún tó kọjá.

Ẹ̀yin òbí, a bẹ̀ yín, ọmọ tí ọkàn rẹ̀ tutù sí ohun Ọlọ́run, ẹ má fi ìbínú lé e jáde. Baba wa ń rẹ́ ẹ̀ka Rẹ̀ (Jòhánù 15:2), ṣùgbọ́n Ó mọ àkókò. Olúwa yóò fún wa lọ́gbọ́n. Àmín.