Ẹni Tó Mọ Ọ̀nà Ni Kó Fi Í Sí Máàpù

Ẹ̀sùn kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń fi alùpùpù rin ìrìn àjò jíjìn: wọ́n ní fóònù ń ṣi àwọn lọ́nà. Ẹni tó gbéra ní Iléṣà, tó ń lọ wo omi gbígbóná Ìkógòsì ní Èkìtì, lè dédé bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà oko tí òjò ti sọ di ẹrẹ̀, nítorí pé fóònù ní ibẹ̀ ló yá jù. Ẹ̀sùn náà tọ́. Ẹni tí wọ́n ń fi kàn ni kò tọ́ sí.

Iṣẹ́ sátẹ́láìtì ni láti jẹ́ kí ènìyàn mọ ibi tó wà. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Bí fóònù bá ti gba àmì mẹ́rin lára wọn, ó lè ṣírò ibi tó dúró sí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2000, tí ìjọba Amẹ́ríkà ti jáwọ́ nínú mímọ̀ọ́mọ̀ da ìṣírò yìí rú fún ará ìlú, àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju mítà díẹ̀ lọ. Kò gba dátà. Àwọn òkè tó yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká lè bo díẹ̀ nínú àwọn sátẹ́láìtì náà mọ́lẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó kù sábà máa ń tó. Máàpù gan-an ló ń dúró de nẹ́tíwọ̀kì, bí wọn kò bá ti gbé e sínú fóònù kí wọ́n tó kúrò nílé. Ènìyàn ló sì ń ya máàpù.

Ní oríta Ìtáwùré, lójú ọ̀nà náà, ọ̀nà kan gba Ẹ̀fọ̀n lọ sí Èrìò àti Arámọ̀kọ́, òmíràn forí lé Òkèmẹ̀sí. Máàpù mọ ìyẹn. Kò mọ ibi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò lójú ọ̀nà, tàbí ibi tí àgbàrá ti jẹ ẹ̀gbẹ́ títì wọnú. Kòtò tí mọ́tò lè kó sí kó sì jáde lè pa ẹni tó wà lórí alùpùpù. Ọlọ́kadà tó ń ná Ìjerò sí Arámọ̀kọ́ lójoojúmọ́ mọ gbogbo kòtò yẹn, àmọ́ orí rẹ̀ nìkan ni ìmọ̀ náà wà.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. OpenStreetMap, máàpù tí Steve Coast dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ya ọ̀nà, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ọlọ́dà ni tàbí oníyẹ̀pẹ̀. Áàpù bí OsmAnd ń lo àkọsílẹ̀ yẹn láìsí nẹ́tíwọ̀kì, ó sì lè yẹra fún ọ̀nà tí kò lọ́dà bí ẹni tó ni ín bá sọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Google náà ti ní ètò ìtọ́sọ́nà fún alùpùpù láti 2017, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Íńdíà, ṣùgbọ́n àbùjá tó rọrùn láàrin ìgboro lè di wàhálà nínú igbó Ẹ̀rìjìyàn, lọ́nà Ìkógòsì.

Ọ̀rọ̀ ajínigbé lójú ọ̀nà yàtọ̀ sí ti kòtò. Ìyẹn ń yí padà láàárín ọjọ́ kan, ẹnu ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀ ní gáréèjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìrìn àjò bá sì bẹ̀rẹ̀, kí fóònù wà lápò, kì í ṣe lórí ọwọ́ alùpùpù, kí ohùn rẹ̀ máa wọ etí. Ojú kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú títì. Ní 2021, Apple fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì alùpùpù ńlá lè ba kámẹ́rà fóònù tí wọ́n dè mọ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́.

Owó dátà fún ọlọ́kadà díẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé tó lè bá wọn kọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọ̀nà sínú máàpù, kò ju agbára ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n àti Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì lọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Arámọ̀kọ́ gba Ẹ̀rìjìyàn dé Ìkógòsì, torí ibẹ̀ ni àlejò tí kò mọ ọ̀nà ń gbà.