Ẹni tí ó darí fíìmù ńkọ́?

Bí ẹ bá dé Ìkọ̀lé-Èkìtì, tí ẹ bi ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún léèrè pé ta ni ó ṣe fíìmù Ìjà Òmìnira, Adé Love ni yóò pè. Ta ni ó ṣe Aiyé? Ògúndé ni. Ọ̀run Móoru ńkọ́? Bàbá Sàlá ni. Bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó darí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Ọlá Balógun. Bí òǹwòran bá gbàgbé rẹ̀, n kò bá a wí. Àwa tí a ń fi lítíréṣọ̀ Yorùbá jẹun ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mo ń bá jà.

Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé alágbàṣe lásán ni Balógun, pé àwọn eléré ìtàgé ni ó ni eré, òun kàn gbé kámẹ́rà ni. N kò jiyàn pé òkìkí àwọn òṣèré wọ̀nyí ni ó kó èrò wọ ilé sinimá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra aṣọ kọ́ ni ó rán an. Olùdarí ni ó ń pinnu ohun tí ojú yóò rí, ìgbà tí yóò rí i, àti ibi tí ohùn yóò ti dákẹ́. Iṣẹ́ tí Balógun lọ kọ́ ní IDHEC, ní Paris, nìyẹn. Kí ó tó bá Ògúndé ṣiṣẹ́ rárá, ó ti ṣe Amadi ní èdè Ìgbò ní 1975, ó sì ti ṣe Àjàní Ògún ní 1976, èyí tí a kà sí fíìmù àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

A tún ń kọ́ ọmọ pé Túndé Kèlání ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn àròsọ Yorùbá di fíìmù, nítorí Ó Le Kú ti 1997. Iṣẹ́ ńlá ni Kèlání ṣe. Ṣùgbọ́n inú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní 1969, ni Ìjà Òmìnira ti jáde, ó sì fi ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú Ó Le Kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ju yinniyinni kẹ́ni ó ṣèmíràn lọ. Ohun tí a kò bá mọ ẹni tí ó ṣe é, ta ni yóò wá a? Ní 1976 kan náà ni Adamu Halilu ṣe Shaihu Umar ní èdè Haúsá. Àwọn kan wá a títí wọ́n fi rí i ní Jos. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní 2018. Ta ni nínú wa ni ó ń wá Àjàní Ògún? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kọ àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ láì tíì fojú kàn án. Àlàyé ẹlòmíràn ni wọ́n ń dà kọ. Èmi náà sì wà lára àwọn tí ń fún wọn ní máàkì.